Ọjọ́ tí a gé òrùlé Ìjàpá

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, Bódìjà, Ìbàdàn

Òrùlé ti kúrò lórí mọ́tò Ìjàpá mi. Ẹ̀yìnkùlé ló wà báyìí, a dojú rẹ̀ sókè, àwọn ọmọ sì ti jókòó sínú rẹ̀, wọ́n ń wa ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ fúnra rẹ̀ wà nínú gáráàjì, ó ṣí gbayawu, dígí iwájú nìkan ló dá dúró lókè. Gbogbo ẹni tó yà wá kí wa lónìí, ibi tí a gé ni wọ́n ń fọwọ́ bà. Kò sẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, bẹ́ẹ̀ abẹ́ gan-an niṣẹ́ wà. Gígé yẹn ò pẹ́ rárá. Ohun tí a ti ń ṣe bọ̀ kó tó di òní ló pẹ́, òun ni mo sì fẹ́ kọ sílẹ̀ kí oorun tó gbé mi lọ.

Volkswagen Ìjàpá ni ọkọ̀ náà, 1977 ló wà nínú ìwé rẹ̀. Èkó ni wọ́n ti tò ó pọ̀, ní ilé iṣẹ́ Volkswagen ti Nàìjíríà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1975 ní agbègbè Ọjọ́, lójú ọ̀nà Badagry. Ó ti pẹ́ tí Ìjàpá ò ti jáde níbẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n àwọn kọ́ńdọ́ ò tíì gbàgbé: "Volks" ni wọ́n ṣì ń pe ibùdókọ̀ yẹn títí dòní. Ọwọ́ ìdílé tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo ti rà á. Abẹ́ igi máńgòrò ló ti ń sùn. Ewé ń já lé e, omi ń dúró nínú gọ́tà tó yí òrùlé ká, ìpẹtà ń jẹ ẹ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo gbé e délé, ìka mi ń wọ inú irin tó wà lókè ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún, ìpẹtà sì ti jẹ abẹ́ dígí ẹ̀yìn náà.

Àwọn kan gbà pé ẹni tó bá gbé gíráíńdà lé orí ọkọ̀ àtijọ́ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí kò ní ìdáríjì. Mi ò bá wọn jà. Bó bá jẹ́ pé òrùlé yẹn le koko ni, mi ò ní fọwọ́ kàn án, torí Ìjàpá tí ara rẹ̀ pé kò pọ̀ nígboro mọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí gọ́tà rẹ̀ ti tán, tí pánẹ́lì-bítà fẹ́ kó pọ́tì kún fún mi kó sì kun ún mọ́lẹ̀, kí ni mo ń tọ́jú níbẹ̀? Pọ́tì ni.

Òjò àti oòrùn ni ọ̀pọ̀ wa rò pé òrùlé mọ́tò wà fún. Lóòótọ́ ni, àmọ́ iṣẹ́ rẹ̀ kejì nìyẹn. Èkíní ni pé òun ló di òpó iwájú mú mọ́ òpó àárín, tó di òpó àárín mú mọ́ ẹ̀yìn, tó sì so apá òsì mọ́ apá ọ̀tún, kí gbogbo ara má baà lọ́ nígbà tí táyà kan bá já sí kòtò. Ẹni tó bá gé e dànù láìtún ìsàlẹ̀ ṣe, àárín ọkọ̀ rẹ̀ á tẹ̀ wálẹ̀. Ilẹ̀kùn ló máa kọ́kọ́ sọ fún un: á ṣí i tán, kò ní padé mọ́. Lẹ́yìn náà ni dígí iwájú á là lójijì láìsí òkò tó bà á. Títì tiwa yìí sì rèé, kòtò ò wọ́n wa.

Ibi tí Ìjàpá ti sàn ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ lọ ni pé ilẹ̀ rẹ̀ dá wà, ara rẹ̀ dá wà, bóòtù ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀pá ńlá kan là á láàárín láti iwájú dé ẹ̀yìn, inú rẹ̀ ni wáyà kílọ́ọ̀ṣì ń gbà kọjá. Òun ni ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pá yẹn nìkan ò tó. Lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì, àpótí irin gígùn kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀, tí àwọn ará Jámánì ṣe kí afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ìdí ẹ́ńjìnnì lè máa gba inú rẹ̀ dé ìdí ẹsẹ̀ awakọ̀ nígbà òtútù. Ta ló ń wá ooru kún ooru n'Íbàdàn? Àmọ́ àpótí ooru yìí kan náà ló ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ró, bí òrùlé bá sì ti lọ, òun ló kù. Tiwa ń dán lóde, ó mọ́ lójú. Bàbá Wẹ́dà fi orí òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó dún bíi páálí bísíkíìtì. A gé méjèèjì dànù, a ṣe tuntun.

Àbúrò mi bi mí pé kí ló dé tí mi ò lo Peugeot 504 Bàbá wa tó ń jókòó lásán nílé, ṣé òun náà kọ́ ni ọkọ̀ àtijọ́? Mo ní kó má dán an wò. 504, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní 1975, kò ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀. Ara rẹ̀ náà ni ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn Peugeot ta 504 aláìlórùlé lóòótọ́, Pininfarina ní Ítálì ló ya àwòrán rẹ̀, 1969 ló sì jáde, ṣùgbọ́n kì í ṣe pé wọ́n mú 504 onílẹ̀kùn mẹ́rin kí wọ́n gé e lórí. Láti ìdí táyà iwájú dé ti ẹ̀yìn, onílẹ̀kùn mẹ́rin jẹ́ mítà 2.74, aláìlórùlé jẹ́ mítà 2.55. Ọkọ̀ mìíràn ni, orúkọ ni wọ́n jọ ń jẹ́.

Karmann ni àwa ń wò ṣe. Ìlú Osnabrück ní Jámánì ni ilé iṣẹ́ náà wà nígbà náà, 1949 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Ìjàpá aláìlórùlé fún Volkswagen. Hebmüller náà gba iṣẹ́ oníjókòó méjì lọ́dún yẹn, àmọ́ iná jó ilé iṣẹ́ wọn ní Wülfrath ní oṣù Keje, ìyẹn sì pa iṣẹ́ náà lára. (Mo ní láti jẹ́wọ́ pé ti Hebmüller ló wù mí jù lójú, ìdí rẹ̀ rẹwà.) Karmann bá tiwọn dé oṣù Kìíní 1980, ọdún méjì lẹ́yìn tí wọn ò ṣe Ìjàpá onírùlé ní Jámánì mọ́. 331,847 ló jáde lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n ṣe kò sì ní awo nínú: wọ́n jó irin gígùn tó nípọn mọ́ abẹ́ àpótí méjèèjì, wọ́n fi irin kún ẹsẹ̀ òpó iwájú àti ti àárín. Ìdí nìyẹn tí aláìlórùlé wọn fi wúwo ju onírùlé lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá gé òrùlé mọ́tò rẹ̀ tó wá ń yọ̀ pé ó ti fúyẹ́, kó padà sí abẹ́ rẹ̀, iṣẹ́ ṣì kù.

Irin mìlímítà 3 ni èmi lò fún abẹ́ àpótí. Bàbá Wẹ́dà ní mìlímítà 2 tó, ká má sọ Ìjàpá di tírélà. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n gbà, wọ́n sì kùn gidi.

Ká tó gé ohunkóhun, a gbé ọkọ̀ lé orí ìdúró mẹ́rin, a fi lẹ́fẹ́ẹ̀lì bíríkìlà wò ó títí ó fi tẹ́jú. A wá jó irin ìdábùú mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn méjèèjì, láti òpó iwájú sí òpó àárín, a tún fi ọ̀kan dábùú láti òsì sí ọ̀tún. Mo fi okùn wọn ìkọ̀rọ̀ sí ìkọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, mo kọ iye rẹ̀ sára ògiri gáráàjì pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì. Táńkì epo Ìjàpá wà níwájú, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a tú u, a gbé e jìnnà. Bátìrì wà lábẹ́ àga ẹ̀yìn, òun náà jáde. Ẹni tó bá ń jórin pẹ̀lú táńkì nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti kúrò lọ́dọ̀ mi, ó di ti àwọn panápaná.

Jíjó rẹ̀ gba sùúrù. Bí èèyàn bá jó ìlà gígùn kan lẹ́ẹ̀kan, irin á gbóná, á ká, á sì fa ọkọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nítorí náà, a jó díẹ̀ lápá òsì, a fi í sílẹ̀, a lọ sí ọ̀tún, a padà wá. Iná ọba ló ń pàṣẹ fún wa, torí jẹnẹrétọ̀ ilé wa ò lè gbé ẹ̀rọ Bàbá Wẹ́dà. Nígbà mìíràn, iná á dé láàárín òru, èmi náà á pè wọ́n, wọ́n á ní, "Bàbá Ìbejì, ṣé ẹ ò ní ìyàwó ni?"

Láàárọ̀ yìí, kí wọ́n tó tan gíráíńdà, Bàbá Wẹ́dà ta epo pupa díẹ̀ sílẹ̀ fún Ògún, wọ́n pè é ní lákáayé, ọ̀ṣìn imọlẹ̀. Èmi tí mò ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Àwọn ló di gíráíńdà mú, àwọn ló mọ ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Òpó àárín la kọ́kọ́ gé, ní ọ̀gangan ibi tí dígí ilẹ̀kùn ti ń wọlé, lẹ́yìn náà ẹ̀yìn, lókè ìdérí ẹ́ńjìnnì. Iwájú ló kẹ́yìn. A fi ìwọ̀n ìka mẹ́rin irin òrùlé sílẹ̀ lókè dígí, kí férémù rẹ̀ lè ní agbára, kí òrùlé aṣọ náà sì rí ibi tí yóò fi ẹnu mú. Àwa mẹ́rin gbé e sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi wá wò ó, ó káwọ́ lẹ́yìn.

"Bàbá Ìbejì, ẹ wá gé òrùlé kúrò kí oòrùn Ìbàdàn lè rí wa dáadáa."

Mo ní ìrọ̀lẹ́ la ó máa wà á, àti ìgbà ọyẹ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni gómìnà náà ṣe ń dúró nínú jíìpù lọ́jọ́ òmìnira, tó ń juwọ́ sí àwọn ọmọ iléèwé, ṣé èmi náà ti ń múra sílẹ̀ fún ìbò ni.

Ìdánwò ló kù. A tú irin ìdábùú ẹnu ilẹ̀kùn. Mo ti jáàkì bọ abẹ́ igun iwájú lápá òsì, mo gbé e títí táyà fi kúrò nílẹ̀, ìyẹn ni ìyà tó pọ̀ jù tí èèyàn lè fi jẹ irú ọkọ̀ báyìí nígbà tí kò rìn. Àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó jẹ́ mìlímítà 4 ká tó gé wá sí 3 lókè, kò kúrò ní 4 nísàlẹ̀. Mo ṣí ilẹ̀kùn, mo pa á dé. Ó pa dé. Bàbá Wẹ́dà ò yọ̀, wọ́n kàn ní mìlímítà 2 náà ì bá ṣe é.

Iṣẹ́ ṣì pọ̀ nílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Ìjàpá ò ní rédíétọ̀, afẹ́fẹ́ ló ń tù ú, abẹ́ dígí ẹ̀yìn sì ni ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé wà lára tiwa. Bí òrùlé aṣọ bá ká sẹ́yìn, orí ihò yẹn ló máa jókòó lé. Karmann gbé ihò tiwọn lọ sórí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Mo ti rí ìdérí oníhò kan ní ọjà Àrárọ̀mí, ní Gate, ẹni tó ń tà á sì ti rí i lójú mi pé mo nílò rẹ̀, owó tó pè ò ṣeé kọ síbí. Férémù dígí ilẹ̀kùn náà máa lọ, torí kò sí òrùlé tó máa fẹ̀yìn tì mọ́, dígí á dá dúró láàárín fẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó nípọn tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, nìkan, omi á sì máa wọlé díẹ̀ títí ayé. Mo ti gbà fún un.

Igi ló ń fa ọ̀rọ̀ báyìí. Òrùlé aṣọ Karmann ní igi nínú, níwájú níbi tó ti ń di férémù dígí mú àti lẹ́yìn yíká, ibẹ̀ sì ni ọrinrin máa ń kọ́kọ́ jẹ. Ọjọ́ Ajé, èmi àti káfíńtà máa lọ sí ọjà pákó Bódìjà. Ó fẹ́ igi apá, ó ní kò sí kòkòrò tó lè rí i gbé ṣe. Apá dára lóòótọ́, àmọ́ ó wúwo, gbogbo ìgbà tí a bá sì ṣí òrùlé ni ọwọ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ lè gbé e. Ìrókò ni a máa rà.