Bí Wọ́n Bá Gba Ẹ̀bùrú Nínú Géèmù Yín

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń kọ géèmù, kò ní pẹ́ tí ẹ bá gbé tiyín jáde tí ẹnìkan á fi yanjú ìpele tí ẹ forí ṣe fọrùn ṣe lé lórí, ní ọ̀nà tí kò wá sí yín lọ́kàn rí. Inú á bí yín díẹ̀, ọwọ́ á sì yá yín láti dí ọ̀nà náà pa lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an. Ẹ ṣe sùúrù ná. Ìbéèrè tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi láti kọ́kọ́ bi ara mi ni pé: ta ni ọgbọ́n náà pa lára?

Ẹ wo géèmù Breath of the Wild tí Nintendo gbé jáde ní 2017. Ojúbọ kan wà nínú rẹ̀, ní agbègbè Hateno, tó ń jẹ́ Myahm Agana. Wọ́n fi ògiri kéékèèké ṣe ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ sójú pẹpẹ kan. Bí ẹ bá ti ń yí pádì ọwọ́ yín ni pẹpẹ náà ń yí, kí bọ́ọ̀lù lè rọra rìn dé ẹnu àbájáde. Ó ń tánni ní sùúrù. Ni àwọn kan bá dojú pádì dé. Ẹ̀yìn pẹpẹ náà tẹ́jú pẹrẹsẹ, kò sí ògiri kankan. Bọ́ọ̀lù bọ́ sórí rẹ̀, wọ́n fì í díẹ̀, ó wọlé. Nintendo kò lọ mọ ògiri sẹ́yìn pẹpẹ. Kí ni wọ́n fẹ́ mọ ọ́n sí? Kò sẹ́ni tó pàdánù ohunkóhun.

Nínú géèmù fóònù kan tí èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ṣe, kọ́kọ́rọ́ ló yẹ kí èèyàn wá. Àwọn ọmọ tó ń bá wa dán an wò kàn to àpótí léra, wọ́n fo ògiri. A ò mọ ògiri náà ga sí i. Mo gbé owó wúrà kan sórí rẹ̀, kí ẹni tó bá débẹ̀ mọ̀ pé a ti rí òun.

Níbi tí ìdíje bá wà, ọ̀rọ̀ yí padà. Ní February 2010, àwọn ẹgbẹ́ tó ń ta géèmù orí íńtánẹ́ẹ̀tì World of Warcraft ń sáré ta ni yóò kọ́kọ́ pa Lich King, ọ̀tá ńlá inú rẹ̀. Etí ilẹ̀ ìjà náà máa ń wó, àwọn Val'kyr, ìránṣẹ́ rẹ̀ tó ń fò, á sì máa gbé èèyàn lọ jù sísàlẹ̀. Ẹgbẹ́ Ensidia pa á, àmọ́ bọ́ǹbù Saronite tí ọ̀kan nínú wọn ń jù ń dá ilẹ̀ tó wó padà. Blizzard tó ni géèmù náà gba àmì-ẹ̀yẹ àti ẹrù wọn, ó sì tì wọ́n mọ́ta fún wákàtí 72. Ó tọ́ kí wọ́n dí i, ó sì tọ́ kí wọ́n gba ipò kìíní lọ́wọ́ Ensidia, torí àwọn yòókù ń jà lórí ilẹ̀ tó ń wó. Títì mọ́ta yẹn ni mi ò fara mọ́. Bọ́ǹbù tí ẹ fúnra yín kó sínú géèmù, ẹ ò lè pè é ní ojóró.

Àwọn ẹ̀bùrú mìíràn á di òpó ilé. Noritaka Funamizu ti ilé-iṣẹ́ Capcom ló rí i, nígbà tí wọ́n ń ṣe géèmù ìjà Street Fighter II tó jáde ní 1991, pé èèyàn lè so ẹ̀ṣẹ́ mọ́ ẹ̀ṣẹ́. Wọ́n fi sílẹ̀. Géèmù ìjà wo ni kò ní ìsopọ̀ ẹ̀ṣẹ́ yìí, tí wọ́n ń pè ní combo, lónìí?

Ti géèmù ìbọn Destiny, ní 2014, ló yàtọ̀. Ihò kan wà ní Cosmodrome, agbègbè kan nínú rẹ̀, tí ọ̀tá ń tú jáde nínú rẹ̀ ṣáá. Àwọn èèyàn á dúró lókèèrè fún ọ̀pọ̀ wákàtí, wọ́n á máa yìnbọn sínú òkùnkùn, wọ́n á wá lọ ṣa ẹrù. Bungie tó ṣe géèmù náà dí i, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi rí ihò mìíràn. Lójú tèmi, ẹjọ́ kì í ṣe ti ihò: géèmù náà ló ń sanwó fún ìdúró-sójúkan ju ìrìn-àjò lọ. Bí gbogbo èèyàn bá ń gba ẹ̀bùrú tó sú wọn, ẹ yẹ ẹ̀bùn tí ẹ ń pín wò kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri.

Bí ẹ bá sì máa dí i, ẹ kọ ọ́ kedere sínú àkọsílẹ̀ àtúnṣe, ẹ má ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹni tó ṣe ìpele náà nìkan dá ẹjọ́ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, onítọ̀hún kì í ní ìbò lọ́jọ́ náà. Ó lè jókòó, ó lè ráhùn.