Ẹ Já Máàpù Kúrò Lára Ògiri

Ẹ̀yin àbúrò wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rán lọ kọ́ni ní abúlé, yálà kọ́pà ni yín àbí tíṣà tuntun, ní Ìfẹ́lódùn, Ìsin tàbí Òkè-Ẹ̀rọ́ ní gúúsù Kwara: bí ẹ bá fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ ní ohun tó wà lẹ́yìn òkè tó yí wọn ká, ẹ kọ́kọ́ já máàpù kúrò lára ògiri.

Ọmọ tó ń wo máàpù lára ògiri á gbà pé òkè ni àríwá, pé ìsàlẹ̀ ni gúúsù. Ẹ wá sọ fún un pé odò Àsà gba Ìlọrin kọjá, ó forí lé àríwá títí omi rẹ̀ fi wọ Odò Ọya. Èyí tó gbọ́n nínú wọn á bi yín pé báwo lomi ṣe ń gun òkè. Kò ṣàṣìṣe, ògiri ló ṣì í lọ́nà. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá tẹ́ máàpù náà sílẹ̀, tí àríwá rẹ̀ kọjú sí àríwá gidi, ìbéèrè ọmọ á yí padà: ilẹ̀ ibo ló ga jù? Ẹ lè wá fi hàn án pé ilẹ̀ gíga kan wà ní gúúsù Ìlọrin tó pín omi níyà. Ti Àsà lọ bá Ọya, ti Ọ̀ṣun gba gúúsù lọ sí ọ̀sà.

Àríwá gidi yẹn, ẹ má fi fóònù wá a. Irin àti páànù tó bá wà nítòsí a máa da kọ́ńpáàsì inú rẹ̀ rú, ọmọ kò sì rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ọ̀pá ni kí ẹ lò. Ẹ wá èyí tó tọ́, tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 130, kí ẹ ri 30 mọ́lẹ̀, kí mítà kan gédégbé ṣẹ́kù lókè. Ẹ so òkúta mọ́ òwú, ẹ jẹ́ kó rọ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá, kí ẹ wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Bí ọ̀pá àti òwú kò bá bára dọ́gba, ọ̀pá ti wọ́, gbogbo ohun tí ẹ bá fi wọ̀n á wọ́ pẹ̀lú. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kí ẹ sì gbá a. Láti aago 11:30 títí di 1:45, ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá-mẹ́wàá, kí ọmọ kan máa gbé òkúta kékeré sí ibi tí orí òjìji dé. Ìlà tó ti ìdí ọ̀pá lọ sí ibi tí òjìji ti kúrú jù, òun ni ìlà àríwá àti gúúsù.

Ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ tíṣà ti ń kọsẹ̀. Wọ́n rò pé aago 12 géérégé lòjìji máa kúrú jù. Kò rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Nínú àwọn ìlà tó ti àríwá lọ sí gúúsù lórí máàpù, ìlà 15 ní ìlà-oòrùn ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n aago Nàìjíríà, bẹ́ẹ̀ ìlà 5 ni gúúsù Kwara sún mọ́. Ìlà mẹ́wàá ló wà láàárín, ìṣẹ́jú mẹ́rin sì ni oòrùn ń lò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nǹkan bí aago 12:40 ni oòrùn tó ń dé góńgó. Ó máa ń yá díẹ̀ ní oṣù kọkànlá, ó máa ń pẹ́ díẹ̀ ní oṣù kejì.

Ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn ọmọ òyìnbó tún máa ń sọ pé àríwá ni òjìji ọ̀sán máa ń kọjú sí. Fún wọn, òótọ́ ni. Níbí, ọ̀pá mítà kan á ní òjìji tó tó sẹ̀ǹtímítà 61 sí àríwá ní ìparí oṣù Kejìlá, ṣùgbọ́n ní ìparí oṣù Kẹfà, gúúsù ló máa wà, kò sì ní ju nǹkan bí 27 lọ. Nǹkan bí ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin, àti ìparí oṣù Kẹjọ, oòrùn á wà ní àtàrí gan-an, òjìji á fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Lásìkò yẹn, ẹ má wá àríwá lọ́sàn-án. Ẹ sàmì sí orí òjìji ní aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹ fi okùn fa òbìrí yí ọ̀pá ká láti ibẹ̀, kí ẹ dúró de ìgbà tí òjìji ìrọ̀lẹ́ máa kan òbìrí náà padà. Ìlà tó so àmì méjèèjì pọ̀, ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn nìyẹn.

Nígbà tí máàpù bá ti dojú kọ ibi tó yẹ, ẹ fi okùn so Ìlọrin mọ́ Mẹ́kà lórí rẹ̀. Okùn náà á kọjú sí ìlà-oòrùn, á yẹ̀ díẹ̀ sí àríwá. Lẹ́yìn náà, ẹ kó àwọn ọmọ lọ wo ibi tí mọ́ṣáláṣí abúlé kọjú sí. Ó yẹ kí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. (Ẹ gba àyè lọ́wọ́ Ààfáà kí ẹ tó lọ o. Bí kò bá sì bára mu, ọ̀pá yín ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, kí ẹ sì fi ẹnu yín sílẹ̀ ní pípadé.)

Mẹ́kà yìí náà ló dára láti fi kọ́ wọn ní aago. Tó bá jẹ́ 12 lọ́dọ̀ wa, aago 2 ni lọ́hùn-ún, ẹni tó bá ní èèyàn ní Sáúdí sì lè fi fóònù wádìí rẹ̀. Ẹ sàmì ìlú méjèèjì sára ọsàn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i nínú kíláàsì tó ṣókùnkùn, kí ẹ yí ọsàn náà sí ìlà-oòrùn. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ń yí i sí láìmọ̀. Bí Ìlọrin bá ṣáájú Mẹ́kà wọ inú ìmọ́lẹ̀, ẹ ti yí i sódì.

Òkun le díẹ̀ láti fi yé ọmọ tí kò rí ju odò lọ. Láti Ọ̀mù-Àrán, ó lé ní 200 kìlómítà. Àwòrán kò ràn án tó ahọ́n. Iyọ̀ inú lítà omi òkun kan tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Omi inú ọ̀rá jẹ́ ìdajì lítà, nítorí náà iyọ̀ ṣíbí tíì mẹ́ta pẹrẹsẹ ti tó o. Tí ẹ bá bù ú gọbọi, ó ti kọjá ti òkun. Kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, kí wọ́n tutọ́ dànù, ẹnì kan ò gbọdọ̀ mu ún. Nígbà yẹn ni wọ́n á mọ ìdí tí òùngbẹ fi lè pa èèyàn láàárín omi.

Ní ti oúnjẹ, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan wá láti oko. Amẹ́ríkà ni àgbàdo, pákí, ẹ̀pà, ata àti kájú ti ṣẹ̀ wá; Éṣíà ni ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti máńgòrò. Ẹ má dúró síbẹ̀, kí wọ́n má baà rò pé gbígbà nìkan la mọ̀. Ilẹ̀ Áfíríkà ló ni ẹ̀wà àti ọ̀pẹ. Láti apá ọ̀dọ̀ wa ni ọ̀pẹ ti dé Màléṣíà àti Indonéṣíà, àwọn ló sì ń ṣe epo jù láyé lónìí. Kódà lékeléke tí wọ́n ń tọrọ èékánná funfun lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn kan nínú wọn fò láti Áfíríkà kọjá òkun ńlá lọ sí Amẹ́ríkà ti Gúúsù ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n sì fìdí kalẹ̀ síbẹ̀.

Ohun tó máa ń pa ẹ̀kọ́ yìí kú jù ni ìdákẹ́jẹ́. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa lábúlé kì í bi àgbà ní ìbéèrè lójú, ẹ sì lè rò pé kò fẹ́ mọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bára wọn sọ̀rọ̀ ní méjì-méjì ní ẹ̀ka èdè ilé wọn, kí ẹnì kan wá sọ pé “a fẹ́ béèrè.” “A” yẹn ló ń gbà wọ́n lọ́wọ́ ìtìjú. Èyí tí ẹ kò mọ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìbéèrè kan níwájú wọn, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ máa mú ìdáhùn wá. Ẹ má purọ́ bò ó. Nígbà tí ẹ bá sì ń lọ, ọ̀gá ilé-ìwé ni kí ẹ fi ìwé náà lé lọ́wọ́, kí tíṣà tó ń bọ̀ lè bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbéèrè tó ṣẹ́kù.