Ọjọ́ tí mo lọ wo ẹyẹ létí omi Ọ̀pá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló kó bá mi. Ìmọ̀ nípa ẹranko ló ń kà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ẹyẹ ló sì fẹ́ fi ṣe pírọ́jẹ́ẹ̀tì. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, àkọ́rọ̀ òjò ti rọ̀ bí ẹ̀ẹ̀mejì, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jẹ́ ká lọ sétí omi Ọ̀pá, ká lọ wo àwọn ẹyẹ tó fẹ́ padà sílùú òyìnbó."

Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti fi físà dù mí. Mo fẹ́ fojú ara mi rí ẹni tó ń lọ lọ́dọọdún láìfi bébà kankan han ẹnikẹ́ni.

Ní Ifẹ̀ níbí, téèyàn bá gbójú sókè nínú ọgbà yunifásítì, àdán ló máa rí, wọ́n á so rọ̀ lórí igi bí èso, ariwo wọn á sì máa dà bí ọjà. Alápàńdẹ̀dẹ̀ náà, a mọ̀ ọ́n. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé Yúróòpù ni ilé àwọn kan nínú wọn. Tí òtútù bá dé, tí kòkòrò wọ́n lọ́hùn-ún, wọ́n á wá jẹun lọ́dọ̀ wa, tó bá wá di oṣù Kẹta sí Kẹrin, wọ́n á padà lọ yé ẹyin. Èyí tí àwa ń wá tiẹ̀ kéré ju alápàńdẹ̀dẹ̀ lọ. Willow warbler ni wọ́n ń pè é, ìwọ̀n rẹ̀ ò ju nǹkan bíi gíráàmù 10, bíi kóró súgà méjì tàbí mẹ́ta. Kóró súgà ló ń fò kọjá aṣálẹ̀ Sàhárà! Èmi, tí n bá rìn láti Lágéré dé Ẹnuwá, mo ti ń wá ibi tí màá jókòó sí.

Ó fi awò tí wọ́n fi ń wo ọ̀nà jíjìn kọ́ mi lọ́rùn, ó tan fóònù rẹ̀ kó lè gba orin ẹyẹ náà sílẹ̀, ó wá kìlọ̀ fún mi: "Ẹ má sọ̀rọ̀ o. Ẹ má mira rárá."

Ẹyẹ náà bẹ̀rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gbéra lókè, ó ń rọra sọ̀kalẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ẹni ń bọ̀ lórí àkàsọ̀. Mo gbójú sókè, mo lanu sílẹ̀, ewé nìkan ni mò ń rí. Nǹkan kan ń rìn mí ní ọrùn ẹsẹ̀. Mo rántí ìkìlọ̀, n kò mira. Ó dé orúnkún. Mo ní bóyá koríko ni. Àṣé koríko a máa gun èèyàn! Ìgbà tó dé itan ni mo tó wolẹ̀: ojú ọ̀nà ìjàlọ gan-an ni mo dúró sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ìjàlọ, ó dà bíi pé wọ́n máa ń dúró de àṣẹ ni. Kálukú ti wá ibi tó wù ú, ni wọ́n bá gé mi jẹ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Yéè! Ìyá mi ò!"

N kò mọ ìgbà tí mo bọ́ ṣòkòtò. Mo fa ọ̀kan ní itan, ara rẹ̀ já sí mi lọ́wọ́, orí rẹ̀ ṣì di ẹran mi mú ṣinṣin. Mò ń jó, awò ń gbá mi láyà, ni màmá kan bá yọ látinú igbó pẹ̀lú ẹrù ewé eéran lórí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ yẹn, bàbá?"

"Ẹyẹ là ń wò, mà."

Màmá tún ẹrù rẹ̀ gbé dáadáa. "Ẹyẹ wo ló wá ń gbé inú ṣòkòtò?"

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jókòó sílẹ̀, ẹ̀rín ò jẹ́ kó lè dìde. Màmá ti wọgbó lọ tán, a ṣì ń gbọ́ ẹ̀rín tirẹ̀ náà.

Títí dòní, n kò tíì fojú kan ẹyẹ ọ̀hún. Ohùn rẹ̀ ni mò ń gbọ́ láràárọ̀, agogo márùn-ún ààbọ̀, torí ìyàwó mi ti fi ohun tí fóònù gbà sílẹ̀ ṣe áláàmù. Ẹyẹ á kọrin lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà màá ké "Yéè! Ìyá mi ò!", gbogbo ilé á sì jí.