Ìbéèrè tí ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kò bi mí

Ọdún kẹjọ rèé tí mo ti ń gba àjọ ní ọjà Bódìjà, n'Ìbàdàn. Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí: ojú 31 ló wà lára káàdì, bí oníbàárà bá san ti ọjọ́ kan, a fàmì sí ojú kan. Bóṣù bá parí, owó ojú kan jẹ́ ti alájọ, ìyókù di ti olówó.

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ ń dá ẹgbẹ̀rún kan náírà lójúmọ́. Lóṣù kan, àmì 30 ni mo bá lórí káàdì rẹ̀, mo ka 29,000 náírà fún un. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Alájọ, ẹgbẹ̀rún kan dín níbẹ̀."

Kò tíì panu dé tí mo fi já lù ú. "Ìyá, ẹ ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àjọ. Ṣé kí n máa rìn yí ọjà po lọ́fẹ̀ẹ́ ni?" Ẹni méjì ti fa owó iṣẹ́ mi mọ́ mi lọ́wọ́ lọ́sẹ̀ yẹn, inú ń bí mi kiri. Àwọn aláta bojú wẹ̀yìn. Ìyá ò fọhùn mọ́. Ó so owó mọ́ etí ìró, ó mú kóńgò, ó ń wọn ẹ̀lùbọ́ lọ.

Ìdákẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni tó fẹ́ rẹ́ni jẹ kì í tètè dákẹ́, lójú tèmi o.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo padà lọ. Mi ò dúró lé e lórí. Àpótí kékeré ẹ̀gbẹ́ igbá rẹ̀ ni mo jókòó sí. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Mi ò ní já lù yín." Ó ní lọ́jọ́ tí òjò ká wa mọ́ abẹ́ páànù, òun san ti ọjọ́ méjì torí òun ń lọ Ìsẹ́yìn lọ́jọ́ kejì, mo sì ní bí òjò bá dá ni n ó fàmì sí i, kí káàdì má baà rẹ.

Ó ń ṣe mí bíi kí n ní mo fàmì sí i. Mo gbé e mì. Mo ní, "Àṣé kì í ṣe owó iṣẹ́ mi lẹ̀ ń bá mi fà?"

"Ọmọ mi, ṣé mo dárúkọ owó iṣẹ́ rẹ ni?"

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé mi, níbi tí mo ti ń ṣírò lálaalẹ́. Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ sí ọjọ́ òjò yẹn: "1,000 lé." Mo wá olówó rẹ̀ tì, mo gbàgbé.

Mo san án. Ṣùgbọ́n ojú ọjà ni mo ti jágbe mọ́ ọn, mi ò lè wá máa bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìṣojú àwọn aláta náà ni mo ti dọ̀bálẹ̀.

Ohun tí mo ń sọ fáwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi nìyí: bí oníbàárà bá ní owó òun ò pé, "Ti ọjọ́ wo?" ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ bi í, ẹ má tíì ṣàlàyé ohunkóhun. Bó bá jẹ́ òun ló ṣì í, òun náà ló máa rí i bó ṣe ń ro ọjọ́ rẹ̀ sókè.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ṣì ń dájọ lọ́dọ̀ mi. Bójú ọjọ́ bá ṣú, á na káàdì sí mi: "Fàmì sí i kí n rí i, ọmọ mi." Mo sì máa ń fàmì sí i, bó fẹ́ kó rẹ.