A Gbé Sítóòfù Onígi Gun Òkè Lọ Ṣọdẹ

Òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà. Kí a tó dé ibi tí a fẹ́ pàgọ́ sí, ó ti di yìnyín wẹ́wẹ́, bàtà ti mumi, ọwọ́ sì ti kú. Títì ti jìnnà sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí a ní, ẹ̀yìn wa la pọ̀n ọ́n sí.

Àgọ́ wa kò ní ìtẹ́lẹ̀. Aṣọ náílọ̀n fẹ́lẹ́ ni, òpó kan láàárín, èèkàn yíká. Àwọn kan ń sá fún irú rẹ̀ nítorí kòkòrò àti omi ilẹ̀. Wọn kò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹni tó ti oko ọdẹ dé tẹrẹ̀tẹrẹ̀ ló mọ adùn rẹ̀: wọlé tìwọ ti bàtà, jókòó, jẹ́ kí omi máa kán sílẹ̀. Abẹ́ ibùsùn nìkan la tẹ́ tapólì sí. Ibi tó ga díẹ̀ la yàn, kí àgbàrá má bàa bá wa sùn.

Sítóòfù gan-an lọ̀rọ̀ wà. Titanium, irin kan tó fúyẹ́ tó sì le, la fi ṣe é; kò tó kílò méjì tòun ti páìpù. Páìpù ọ̀hún, irin fẹ́lẹ́ kan tí à ń ká bí ẹní ni, tí a ó wá fi òrùka wáyà há. Ẹ kọ́kọ́ dáná sí i níta gbangba nílé, torí iná àkọ́kọ́ ló ń jẹ́ kó mọ bó ṣe máa ká. Ẹni tó bá dúró di orí òkè, tí ìka ti le gbagidi, èébú ló máa fi ká a.

Orí òkúta pẹlẹbẹ la gbé e lé, nítorí ilẹ̀ tó dì yóò yọ́ lábẹ́ rẹ̀. Òkú igi tó ṣì wà ní òòró ni ẹnìkejì mi gé, kì í ṣe èyí tó sùn sínú ẹrẹ̀. Ó là á wẹ́wẹ́, òmíràn tó ìka, òmíràn tó ọrùn ọwọ́. Kò pẹ́ tí ara sítóòfù fi pọ́n. A ta okùn, a sá ìbọ̀sẹ̀ sí i, èéfín omi sì ń rú lára wọn.

Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé yóò mú inú àgọ́ móoru mọ́jú. Ikùn rẹ̀ kéré. Bí ẹ kò bá koná mọ́ ọn, láàárín wákàtí kan ó ti di eérú. Aṣọ ìbora tó nípọn ló ń gbani lóru. Tèmi, nítorí kí nǹkan lè gbẹ ni mo ṣe ń ru sítóòfù. Aṣọ tútù ló ń lé ọdẹ sọ̀kalẹ̀ ju àìrí ẹran lọ.

A kì í sùn ti iná rẹ̀. A jẹ́ kó kú, a sì ṣí ihò òkè àgọ́ sílẹ̀: carbon monoxide, gáàsì olóró tó ń ti ara iná jáde, kò ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pani. Nígbà tó máa di ìdájí, èémí wa ti di omi lára aṣọ àgọ́. Bí orí bá kàn án, ó kán síni lọ́rùn nìyẹn. Iná díẹ̀ ló ń gbẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tètè ká àgọ́, ẹ má dá a rárá, torí ẹ ó dúró kó tutù kí ẹ tó lè tú páìpù.