Ọjọ́ tí mo lọ wo Ìbàdàndùn ní Ìtọ́kù

Ìbàdàn ni wọ́n bí mi sí, mo sì ti gun òkè Mápó láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo òpó Gbọ̀ngàn Mápó tó wà lórí òkè náà.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni mo wọkọ̀ lọ wo àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn. Mo sọ̀ ní Kútọ̀, mo gun ọ̀kadà dé ọjà àdìrẹ ní Ìtọ́kù. Níbẹ̀, àwọ̀ ló kọ́kọ́ ń kí èèyàn káàbọ̀: pupa, ìyeyè, àwọ̀ àlùkò, gbogbo wọn ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lórí okùn. Èyí tó pọ̀ jù ńbẹ̀ lónìí, àbẹ́là ni wọ́n fi ṣọnà sí i, kẹ́míkà ni wọ́n sì fi pa á láró. Wọ́n dára o, mi ò bú wọn. Ẹlẹ́kọ, irú àdìrẹ aláró ti àtijọ́, ni mo wá.

Obìnrin kan tó ń tajà mú mi wọ agbo ilé kan lẹ́yìn ọjà, lọ́dọ̀ màmá àgbà kan.

Mo kí i bí wọ́n ṣe ń kí aláró: “Àrẹdú o, mà!”

“Àṣẹ o, ọmọ mi.”

Páànù tí wọ́n gé ọnà sí lára ni wọ́n mọ̀ jù fún ẹlẹ́kọ l'Ábẹ́òkúta, àmọ́ Ìbàdàn ni màmá yìí ti kọ́ṣẹ́, ìyẹ́ adìẹ ló fi ń ya ọnà tirẹ̀. Ó tẹ́ Ìbàdàndùn kan sílẹ̀ fún mi. Ilé onígun mẹ́rin ni wọ́n pín aṣọ náà sí, ọnà kọ̀ọ̀kan nínú ilé tirẹ̀. Mo rí òpó Gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n tò gbọọrọ, ṣíbí sì wà láàárín òpó sí òpó. Ẹ̀rín pa mí.

“Mà, kí ni ṣíbí ń wá ní Mápó?”

“Ṣé àwọn ará Ìbàdàn kì í jẹun ni?”

Aró ni mo rò tẹ́lẹ̀ pé wọ́n fi ń ya ọnà yìí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi álọ́ọ̀mù sí ni. Ibi tó bá bò, aró ò ní ráyè wọbẹ̀ dáadáa. Àṣé ibi tí kò ní dúdú ni màmá ń yà látàárọ̀! Ojú kan aṣọ ni wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ sí, aró á máa gba ẹ̀yìn yọ́ wọlé, ìdí nìyẹn tí ọnà ẹlẹ́kọ kì í fi í funfun báláú bíi ti oníko tí wọ́n fi ìko dì. Ó máa ń rí bí ojú ọ̀run ní ìdájí. Mo wo ìlà kan títí: ó bẹ̀rẹ̀ nípọn, ó tín-ín-rín lọ, lẹ́yìn náà ó tún nípọn. Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ ti tán lórí ìyẹ́ tó fi tún un kì bọ̀ ọ́.

Wọ́n fa aṣọ kan yọ nínú ìkòkò aró. Àwọ̀ ewé ló ní! Mo fẹ́ bèèrè ohun tó ṣe é, àfi bí afẹ́fẹ́ ṣe kàn án tó bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lójú mi. Dúdú là ń pe aró lédè tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí ìyẹ́ agbe nínú oòrùn mọ irú dúdú tí mò ń wí. Ibi tí mo ti ń sún mọ́ ọn ni aró ti ta sí bùbá funfun mi. Ó wà níbẹ̀ dòní.

Mo ra Ìbàdàndùn náà. Owó rẹ̀ dùn mí díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gun òkè Mápó. Mo dúró níwájú àwọn òpó wọ̀nyẹn, ojú mi ń wá ṣíbí.