Ibi tí mo ń kó iná ọ̀sán sí

Ọjọ́ Sátidé kan ni àṣírí tú. Gbogbo wa ń jáde láàárọ̀, mo sì ti pa gbogbo nǹkan tó ń lo iná, ó ku fìríìsà nìkan. Mo wo ojú mítà, mo kọ nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a fi máa padà dé nírọ̀lẹ́, yúníìtì 9 ti lọ. Oòrùn ọjọ́ náà sì mú gan-an. Pánẹ́ẹ̀lì sólà orí òrùlé mi tó kìlówáàtì 5, bátìrì sì máa ń kún kí aago 11 tó lù. Kí ló jẹ yúníìtì 9 nínú ilé tí kò sí èèyàn?

Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó rí ìdí rẹ̀. Bí bátìrì bá ti kún, tí ilé kò sì rí iná lò, inverter mi, ẹ̀rọ tó ń sọ iná pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì di irú èyí tí ilé ń lò, ń ti ìyókù gba ojú mítà jáde sí wáyà ìta. Mítà tèmi kò mọ èyí tó ń wọlé yàtọ̀ sí èyí tó ń jáde. Iná yòówù tó bá ti gba inú rẹ̀ kọjá, ọrùn mi ló ń kà á sí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe irú mítà bẹ́ẹ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má baà yí wáyà sódì láti fi jí iná. Mítà tó ń ka méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ wà, ṣùgbọ́n èmi kò bá ilé iṣẹ́ mànàmáná ṣe àdéhùn kankan, nítorí náà kò yẹ kí iná mi yọjú síta rárá. Mo ń fún ìta níná lọ́fẹ̀ẹ́, mo tún ń sanwó rẹ̀. Ó dùn mí dé egungun.

Ẹni tó bá wa so sólà kò fi CT sí i. CT ni òrùka kékeré tí a ń fi há wáyà ńlá tó ti inú mítà wọlé. Òun ló ń jẹ́ kí inverter mọ ìgbà tí iná ń wọlé àti ìgbà tó ń jáde, kí ó lè dín ọwọ́ kù. Mo ra á, mo ní kí oníná mìíràn bá mi fi sí i. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nǹkan tún burú sí i: ọfà ara òrùka náà kọjú síbi tí kò yẹ, inverter wá ń rí iná tó ń jáde bí ẹni pé ó ń wọlé, ó sì ń fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í sí i. Ẹ jọ̀ọ́, kí oníná yín tó lọ, ẹ dá sólà àti bátìrì dúró, kí inverter ṣì wà lójúfò, ẹ wá tan ohun kan tó ń fa iná púpọ̀. Tí ojú inverter kò bá sọ pé iná ń wọlé, ẹ ní kí ó yí òrùka náà padà. Ẹ tún rí i pé ó wà lẹ́yìn mítà gan-an, kí wáyà tó pín sí yàrá kankan. Yàrá tó bá ti pín kúrò ṣáájú rẹ̀, inverter kò ní rí i.

Iná kò jáde mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo àkọsílẹ̀ ọjọ́ náà lórí fóònù, inú mi kò dùn. Ìlà náà gòkè láàárọ̀, nígbà tó di aago 11 ó já wálẹ̀ sí wáàtì 400, ó sì sùn síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Oòrùn tó lè fún mi ní wáàtì 4,000 wà lókè, mo sì ní kí ó máa lọ. Kì í ṣe pé iná yẹn ń jóná sínú inverter o. Inverter kàn ń jẹ́ kí fólítì pánẹ́ẹ̀lì gòkè kọjá ibi tó ti lágbára jù ni, pánẹ́ẹ̀lì kò sì ní ṣe ju ohun tí a fà lọ. Kò ba nǹkan kan jẹ́. Àmọ́ lójú tèmi, dídí ẹnu pánẹ́ẹ̀lì ló yẹ kó kẹ́yìn, lẹ́yìn tí a bá ti wá ibòmíràn kó iná sí tì.

Omi ni mo kọ́kọ́ rò. Híítà wa gba líta 150. Láti mú omi yẹn kúrò ní 25°C dé 60°C, ó ń gba kWh 6 àti díẹ̀ (kWh kan ni yúníìtì kan). Ọ̀kan nínú bátìrì mi méjèèjì kò gbà tó bẹ́ẹ̀. Ìdájí la sì ń tan híítà tẹ́lẹ̀, pẹ̀lú iná ìta! Mo ní kí wọ́n yọ irin wáàtì 3,000 inú rẹ̀, kí wọ́n fi ti 1,500 sí i, kí oòrùn tí kò le púpọ̀ náà lè gbé e. Ó ń gbà tó wákàtí mẹ́rin báyìí, kò sì sẹ́ni tó ń kánjú lọ́sàn-án. Thermostat rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń pa á nígbà tí omi bá ti gbóná tó, ṣì wà níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá yín yọ ọ́.

Ibi tó ti le nìyí, n kò sì rí ẹni tó sọ fún mi ṣáájú. Mo fi swíìṣì Wi-Fi tó lè gbé 16A sára híítà, mo sì fi Home Assistant, ètò kọ̀ǹpútà tó ń darí àwọn nǹkan inú ilé, pàṣẹ fún un pé tí iná bá ti ṣẹ́kù ju wáàtì 1,500 lọ, kí ó tan án. Ọjọ́ méjì kọjá, kò tan án lẹ́ẹ̀kan. Inverter tó ti dín ọwọ́ kù kò ní iná àṣẹ́kù kankan láti fi hàn. Òdo ni CT ń kọ ní gbogbo ọ̀sán, nítorí òdo ni a ní kí ó kọ. Iná tí pánẹ́ẹ̀lì kò ṣe, kò sí ohun tó lè kà á.

Mo wá pa àṣẹ náà dà: kí ó máa dán an wò ni. Tí bátìrì bá ti dé 95%, tí oòrùn sì ti yọ dáadáa, kí ó tan híítà, kí ó dúró ìṣẹ́jú 2. Tí pánẹ́ẹ̀lì bá gbé e, kí ó máa bá a lọ. Tó bá jẹ́ pé bátìrì ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú ju wáàtì 300 lọ, kí ó pa á, kí ó sinmi ìṣẹ́jú 15 kí ó tó tún gbìyànjú. Ìsinmi yẹn ṣe pàtàkì nítorí ìkùukùu. Láìsí i, híítà á máa tàn, á máa kú, ẹnu swíìṣì á sì jó.

Lẹ́yìn náà mo dín gbígba iná bátìrì kù sí 40A láàárọ̀, ìyẹn nǹkan bíi wáàtì 2,000, kí ó má baà kún kí oòrùn tó dé góńgó. LiFePO4, irú bátìrì tí mo ní, kò fẹ́ràn kí ó kún fọ́fọ́ kí ó sì jókòó sínú ooru. Mo wá sọ 95% yẹn di 70%, kí híítà àti bátìrì lè jọ máa jẹun. Lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá ṣú, mo máa ń dá gbígba iná bátìrì padà sí 100A, nítorí kò sí àṣẹ́kù tí a ń wá ibi kó sí.

Ìyàwó mi ló mú fìríìsà wá sínú ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ṣé omi inú ike kò lè dì lọ́sàn-án kó máa tutù lóru ni? Ó tọ̀nà. Líta 20 tó di yìnyín ń gba ooru tó súnmọ́ kWh 2 kí ó tó yọ́ tán. A kì í fi swíìṣì tan fìríìsà o, ìdíwọ̀n òtútù rẹ̀ nìkan là ń yí láago 12, torí ẹ̀rọ inú rẹ̀ kò fẹ́ kí a pa á kí a tún tan án kíákíá. Aṣọ fífọ̀ àti ayọ́n náà ti kúrò lálẹ́.

Díẹ̀ ṣì ń jò. Bí híítà bá kú lójijì, ó ń gba inverter ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí ó tó dín ọwọ́ kù, iná á sì ti yọ jáde. Mo wá ní kí inverter máa fa wáàtì 30 láti ìta nígbà gbogbo. kWh 0.72 ni ìyẹn lójúmọ́. Mo gbà láti san án.

Ní Sátidé tó kọjá, a tún jáde nílé látàárọ̀ dalẹ́. Mo kọ nọ́ńbà mítà sílẹ̀ bíi tọjọ́sí. Nígbà tí a padà dé, yúníìtì kan kò pé tó lọ, omi sì gbóná nílé.